Ohùn Nínú Ariwo: Àlàyé Lórí Ṣíṣe Fíìmù Akẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Oko Ọba, láti Ìgbèrò dé Ìparí

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ṣe ṣe fíìmù kúkúrú kan ní ilé ìpẹran ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Oko Ọba, ní Agége. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15) ni gígùn fíìmù náà. Iṣẹ́ tí àwọn alápatà ń ṣe láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹran tó dé orí àtẹ ní àwọn ọjà Èkó, ni ó dá lé lórí. Fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ayé ni, kì í ṣe eré tí a fi àròjinlẹ̀ kọ. Kò sí òṣèré kankan nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn.

A kò pète láti kọ́ òǹkàwé ní gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ kámẹ́rà àti iná. Ìwé tí ó ṣàlàyé ìyẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ó kọ wọ́n kò sì ní èdè olóhùn lọ́kàn. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ àwòrán tán ni wọ́n tó ń kan ọ̀rọ̀ ohùn. Èrò tiwa ni pé ẹni tí yóò fi èdè Yorùbá ṣe fíìmù kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ètò yẹn. Ohùn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò, òun náà ni ó sì yẹ kí ó rò kẹ́yìn. Ìgbèrò, ìwé àṣẹ, gbígba àwòrán, títo àwòrán pọ̀ àti fífi fíìmù han ènìyàn: gbogbo rẹ̀ ni a ó fi ojú yìí yẹ̀ wò.

2. Ìdí Tí Ohùn Fi Jẹ́ Olórí

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ohùn ni Yorùbá ń pe ìró tí ó ń ti ọ̀fun ènìyàn jáde. Ohùn náà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ń pe òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Orúkọ kan náà ni nǹkan méjèèjì ń jẹ́, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí a kò bá gbọ́ lílọ sókè àti sísọ̀kalẹ̀ ohùn dáadáa, ọ̀rọ̀ Yorùbá kò tíì délé.

Àpẹẹrẹ kan tí ó bá ibi iṣẹ́ wa mu ni ọ̀bẹ àti ọbẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan náà àti fáwẹ̀lì kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bákan náà ni awọ màlúù àti àwọ̀ aṣọ, owó tí a ń kà àti òwò tí a ń ṣe. Lóòótọ́, ìtumọ̀ gbólóhùn sábà máa ń ran olùgbọ́ lọ́wọ́ láti mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń to fíìmù máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrò láàrin ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti gé èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e dànù, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ohùn nìkan ni ó kù tí ó lè gba ọ̀rọ̀ náà là.

Ó yẹ kí á mọ ibi tí ohùn ń gbé. Iye ìgbà tí tán-án-ná ń gbọ̀n nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń sọ bí ohùn yóò ṣe lọ sókè tàbí sọ̀kalẹ̀ sí. Bí àgbà ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, gbígbọ̀n náà sábà máa ń wà láàrin 85 sí 180. Ti àgbà obìnrin sábà máa ń wà láàrin 165 sí 255. Wàyí o, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí a mọ̀ ní gbogbo àdúgbò Èkó sábà máa ń yí ní ìgbà 3000 nínú ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó jẹ́ ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró rẹ̀ kì í dúró sójú kan ní ìsàlẹ̀. Ó máa ń gun òkè ní ìlọ́po ìlọ́po, títí yóò fi wọ inú àlà tí ohùn ènìyàn wà. Etí wa lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ yọ ohùn ènìyàn kúrò nínú ariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá dúró níwájú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, nítorí a ní etí méjì, a sì ń wo ẹnu rẹ̀. Máìkì kò ní ọgbọ́n yìí. Gbogbo ohun tí ó bá dún ni ó ń gbé mì pọ̀.

3. Àwọn Aṣáájú

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ohùn ti ń bá fíìmù rìn ní ilẹ̀ wa. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Èkó ní Gbọ̀ngàn Glover. Àwòrán ìgbà náà kò lóhùn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka fíìmù rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1939, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé fíìmù káàkiri, ògbufọ̀ a sì máa fi èdè àwọn ará ìlú ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò. Láti ìgbà náà ni a ti ń rí i pé àwòrán nìkan kò tó. Àwọn ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ èdè wọn.

Ní ọdún 1976 ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, èyí tí a kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1979, òun náà ni ó darí Aiyé fún Hubert Ògúndé. Àwọn òṣèré inú irú fíìmù wọ̀nyí ti inú eré orí ìtàgé alárìnkiri wá. Wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, àwọn mìíràn láìsí ẹ̀rọ kankan. Fíìmù ìgbà náà wọ́n gan-an. Ẹsẹ̀ bàtà 400 fíìmù onímílímítà mẹ́rìndínlógún kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá (11) lọ, òkè òkun ni wọ́n sì ń kó o lọ fọ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n rí gbà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò tẹ kámẹ́rà láìjẹ́ pé ó ti fara balẹ̀ ṣètò.

Túndé Kèlání náà fi hàn pé a lè fi ohùn ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn. Nínú Ṣaworoidẹ, tí ó jáde ní ọdún 1999 láti inú ìwé eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ìlù ni kókó ọ̀rọ̀ nípa agbára àti májẹ̀mú láàrin ọba àti ará ìlú. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù sì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá pé ohùn lásán lè gbé ọ̀rọ̀ dúró?

Lónìí, kámẹ́rà kékeré àti fóònù ti sọ gbígba àwòrán di ohun tí kò náni lówó púpọ̀. A lè gba ohun kan náà ní ìgbà ogún kí á sì pa mọ́kàndínlógún rẹ́. Ìrọ̀rùn yìí ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé pé ohun tí àwòrán ogún lè ṣe, ohùn kan tí ó bàjẹ́ lè fọ́ ọ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

4. Oko Ọba Gẹ́gẹ́ Bí Ibi Iṣẹ́

Ẹni tí ó bá mọ Agége mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́. Oko obì ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú olókìkí. Ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní ọdún 1896 gba ibẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ojú irin sì tún pọ̀ sí i láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Red Line gbé èrò láti Oyingbo dé Agbádó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá wà ní Ìkẹjà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pápákọ̀ òfurufú náà kò sì jìnnà. Oríta tí a ń pè ní Pen Cinema, níbi tí a ṣí afárá sí ní ọdún 2021, gba orúkọ rẹ̀ láti ara ilé sinimá kan tí ó ti wà níbẹ̀ rí. Sinimá náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló kù lẹ́nu àwọn awakọ̀.

Ní ilé ìpẹran Oko Ọba fúnra rẹ̀, ọkọ̀ àjàgbé ń kó màlúù dé láti Òkè Ọya, a sì ń tà wọ́n ní ọjà màlúù tí ó wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Kara. Èdè Hausa, Fúlàní àti Yorùbá ni a ń gbọ́ pọ̀. Alápatà ń pẹran, dókítà ẹran ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tí ń ta ṣàkì, fùkù, abọ́dí àti pọ̀ǹmọ́ ń dúró de tiwọn, alábàárù ń pariwo kí wọ́n yà fún òun lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni a ti ń parí kí oòrùn tó ràn dáadáa.

Kò sí ibi tí àwòrán tún lè dára tó bẹ́ẹ̀: èéfín, omi tí ń dán lórí sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ tí ń yára, iná tí ń tàn nínú òkùnkùn. Kò sì sí ibi tí ohùn tún lè nira tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yàn án. Bí a bá lè gbọ́ Yorùbá ketekete ní Oko Ọba, kò sí ibi tí a kò ti ní lè gbọ́ ọ.

5. Ìgbèrò: Fífi Etí Wo Ibi Iṣẹ́

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a tó gbé kámẹ́rà jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ sí Oko Ọba pẹ̀lú ìwé àti kálámù nìkan: ní aago mẹ́rin ìdájí, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, àti ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, a dúró fún ìdajì wákàtí, a di ojú, a sì kọ gbogbo ohun tí a gbọ́ àti ìgbà tí a gbọ́ ọ sílẹ̀. A mọ ẹ̀gbẹ́ tí ìró ẹ̀rọ amúnáwá ti ń wá, ìgbà tí fèrè ọkọ̀ ojú irin ń dún, ìgbà tí a ń pe ìrun, àti àkókò tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń jáde. A mọ ògiri tí ń dá ariwo dúró àti pánù òrùlé tí ń sọ ọ́ di méjì.

Nínú ìbẹ̀wò kejì ni a pàdé ọ̀rọ̀ tí ó wá di ọkàn fíìmù náà. Bàbá alápatà kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Má jù ú bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ló bí ọbẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó ní iyì iṣẹ́ nínú: ẹni tí ń jẹun nílé ní Lagos Island tàbí ní Ìkòròdú kò mọ ọ̀bẹ, ọbẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Kíyè sí i pé ohùn nìkan ni ó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ dúró. Bí ariwo bá bo ohùn mọ́lẹ̀, ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni pé nǹkan kan bí ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ìwé ètò wa padà. Òpó méjì ni a pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí. Ọ̀tún ni a kọ àwòrán sí, òsì ni a kọ ohùn sí, òpó ti òsì ni a sì kọ́kọ́ kún. Bí a kò bá tíì mọ ohun tí a ó gbọ́, a kò ní kọ ohun tí a ó wò.

6. Ìwé Àṣẹ àti Àdéhùn

Iṣẹ́ fíìmù kì í ṣe ohun tí a kàn ń já wọlé ṣe. A kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ ilé ìpẹran, a lọ kí àwọn olórí alápatà, a sì bá ẹni kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ọ́fíìsì kan dá ìwé wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì sọ ìdí. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà láti jókòó ti àwọn alápatà, tí wọ́n fi mọ̀ wá lójú. Nígbà tí ìwé àṣẹ fi dé, a kì í ṣe àlejò mọ́.

Ohun mẹ́ta ni a bá wọn ṣàdéhùn lé lórí. Àkọ́kọ́, a kò ní fi ojú ẹni tí kò bá fẹ́ hàn, a kò sì ní ya ọmọdé rárá. Èkejì, a kò ní gbájú mọ́ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ni a fẹ́ fi hàn, kì í ṣe ohun tí yóò mú kí ẹni tí ń wò wọ́n máa ṣe họ́ọ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn ni yóò kọ́kọ́ wo fíìmù náà kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

Bàbá tí a mẹ́nu bà lókè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó ní òun ní ọmọ-ọmọ ní òkè òkun tí wọn kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. "Kí wọ́n gbọ́ mi ni mo fẹ́, kì í ṣe kí wọ́n kà mí." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́wọ́ wa ju gbogbo ìwé àṣẹ lọ. Ó sọ ohun tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè.

7. Gbígba Àwòrán àti Ohùn

Òru mẹ́rin ni a fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran. Ní ti àwòrán, a gba férémù 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì ṣí ojú kámẹ́rà fún ìdá àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá fún férémù kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé iná mànàmáná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá, àwọn gílóòbù mìíràn a sì máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Bí kámẹ́rà kò bá bá ìṣẹ́jú yìí rìn, àwòrán yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ní ti ohùn, òfin wa kan ṣoṣo ni pé kí máìkì sún mọ́ ẹnu. Bí a bá dín àlàfo àárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, agbára tí ohùn fi ń tẹ máìkì yóò di ìlọ́po méjì, nígbà tí ariwo tí ó ti òkèèrè wá yóò wà bí ó ti wà. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye tí ó lè ṣe ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, a so máìkì kékeré mọ́ igbá àyà ẹni tí ń sọ̀rọ̀, lábẹ́ aṣọ, níbi tí omi kò ti lè ta sí i. Ẹnìkan nínú wa kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó fi ẹ̀rọ bo etí méjèèjì, kí ó sì máa gbọ́ ohun tí ń wọlé. Òun ni ó ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, olùdarí gan-an yóò dákẹ́.

Ohun méjì mìíràn ni a ṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fojú fò. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wa yàtọ̀ sí kámẹ́rà. Nítorí náà, níbẹ̀rẹ̀ gbígbà kọ̀ọ̀kan, a na pátákó méjì lu ara wọn níwájú kámẹ́rà. Férémù tí pátákó ti pàdé àti ibi tí ó ti dún "pàá" ni a ó fi so àwòrán mọ́ ohùn nígbà tó bá yá. Lẹ́yìn náà, ní ibi kọ̀ọ̀kan, a ní kí gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, a sì gba ìró ibẹ̀ lásán sílẹ̀. Ìró lásán yìí ni a ó fi di àlàfo tí gígé ọ̀rọ̀ bá dá sílẹ̀, kí etí má baà kọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá ńkọ́? A kò gbà á ní ilé ìpẹran. Etí wa ti sọ fún wa nígbà ìbẹ̀wò pé ìdí iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀rọ amúnáwá. Ilé rẹ̀ ni a lọ ní ọ̀sán, nígbà tí ó ti sùn tí ó sì ti jí. A pa fáànù, a ti fèrèsé, a sì bi í bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́. A kò ní kí ó tún gbólóhùn rẹ̀ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá ní kí ènìyàn tún sọ kì í dún bí ọ̀rọ̀ mọ́; ó máa ń dún bí àkọ́sórí. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ ohun tí kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀.

8. Títo Fíìmù Pọ̀

Wákàtí mẹ́fà àwòrán ni a kó wálé. Ìṣẹ́jú 15 ni a fẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú 24, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò wọlé. Kí a tó gé ohunkóhun, a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo sílébù. Àwa méjì ni a ṣe é, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, láìwo àwòrán. Lẹ́yìn náà ni a fi ìwé wé ìwé. Gbólóhùn tí àmì ohùn wa bá ti yàtọ̀, a mọ̀ pé ariwo ti jẹ nínú rẹ̀, a kò sì lò ó.

Ìdánwò yìí kò ṣojúsàájú. Àwòrán kan wà tí ó dára ju gbogbo ìyókù lọ: ọkọ̀ àjàgbé ń já màlúù sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, oníṣòwò kan sì ń fi ẹ̀fẹ̀ ka owó. Owó ni ó ń sọ ni, àbí òwò? Ẹnìkan nínú wa kọ ọ̀kan, ẹnìkejì kọ èkejì. A yọ ọ́ kúrò. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n fíìmù tí a bá fi àwòrán tan etí jẹ yóò padà tan ẹni tí ó ṣe é jẹ.

Kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n tí ó fi ń dín ariwo kù, a sì lò ó níwọ̀n. Bí a bá lò ó jù, ó máa ń bẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀, ohùn ènìyàn a sì máa dún bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú kòtò. Ó sàn kí ariwo díẹ̀ kù, nítorí Oko Ọba ni Oko Ọba. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́ yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ohùn bàbá ni a fi lé àwòrán ọwọ́ tí ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta. Ó yẹ kí á ṣàlàyé ìdí tí a kò fi fi ẹnu rẹ̀ hàn. Inú ilé ni a ti gba ohùn náà. Bí a bá fi í sábẹ́ ẹnu tí ń mì ní ilé ìpẹran, a ti purọ́ nìyẹn. Ọwọ́ kò sọ pé òun ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń wò ó mọ̀ pé ọkùnrin kan ń rántí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

9. Ìtumọ̀ Ìsàlẹ̀ Àwòrán

Wọ́n bi wá léèrè nínú ẹ̀kọ́ pé kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu tó báyìí, nígbà tí a lè kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ìbéèrè gidi ni, ó sì tọ́ kí á dá a lóhùn. Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ èdè. Àwa náà lò ó. Ẹ̀dà méjì ni a ṣe. Èkíní kò ní Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀rọ̀ Hausa tí ó wà nínú rẹ̀ ni a túmọ̀ sí Yorùbá. Èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ó bá nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀. Bí olùdarí bá ti mọ̀ pé ìwé ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀, kò ní bìkítà mọ́ bí ohùn bá rì. Yorùbá a wá di ìró lásán tí ń ho lẹ́yìn ìwé Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa a sì máa ka Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan wà tí ìtumọ̀ kò lè rù. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ méjì tí kò jọ ara wọn rárá fún ọ̀bẹ àti ọbẹ̀. A lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá, a kò lè túmọ̀ bí ọ̀kan ṣe ń jáde láti inú èkejì. Ìdánwò wa nìyí: fíìmù tí a kò bá lè gbọ́ láìka ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, kò tíì di fíìmù Yorùbá.

10. Fífi Fíìmù Han Àwọn Tí Ó Ni Ín

A fi fíìmù náà han àwọn alápatà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lábẹ́ àtíbàbà, lórí aṣọ funfun tí a ta mọ́ ògiri. Obìnrin kan tí ń ta pọ̀ǹmọ́ ní kí a yọ ibi tí ojú òun ti hàn, a sì yọ ọ́ kí a tó fi fíìmù náà han ẹlòmíràn. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àti ọbẹ̀, ẹ̀rín sọ kí gbólóhùn tó parí. Ẹ̀dà tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohùn ni wọ́n fi gbọ́ ọ. A ti fi ẹ̀dà kan fún bàbá náà, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí fíìmù rẹ̀ jáde kúrò nínú kíláàsì ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Òfin karùndínláàádọ́rùn-ún (85) ọdún 1993 ni ó dá àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ gbé fíìmù lọ kí a tó fi í han gbogbo ènìyàn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022 sì dáàbò bo orin olórin. Nítorí èyí, a kò lo orin ẹnikẹ́ni. Òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ ni orin wa.

11. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohùn kì í ṣe ohun tí a ń fi kún àwòrán nígbà tí a bá ti ṣe é tán. Nínú èdè olóhùn, òun ni ilẹ̀ tí àwòrán dúró lé. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Kí ẹ̀ka wa ra máìkì tí ó dára kí ó tó ronú àtira kámẹ́rà mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣe fíìmù fi ìwé ohùn tí ó kọ ní ibi iṣẹ́ hàn kí a tó fọwọ́ sí ètò àwòrán rẹ̀. Kí a sì máa fi àmì ohùn kọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sílẹ̀ kí a tó gé e, kí ó má jẹ́ pé ọ̀bẹ tiwa ni yóò pa ọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn tí ó fún wa ní ohùn wọn kò bèèrè owó lọ́wọ́ wa. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí a gbọ́ wọn. Bí a bá lè ṣe ìyẹn fún wọn nínú ariwo Oko Ọba, a ti san díẹ̀ nínú gbèsè náà.